Ẹkún Tí Wọ́n Sun Sórí Òkú Aládùúgbò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe kan lẹ́nu yín, mo sì ń rò ó pé bóyá ni ẹ mọ ibi tó ti wá. Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Bí wọ́n bá júwe òkú fún ọ, ṣí i lójú kí o tó bú sẹ́kún." Ta ló lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi? Ẹ má wulẹ̀ sọ pé láyé àwọn baba ńlá wa ni. Kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ pa á, fóònù wà lápò wọn.

Ìlú Ìgbórò ló ti ṣẹlẹ̀. Aládùúgbò ni Pa Oyèéyẹmí àti Ìyá Gbóyèga. Igi àgbálùmọ̀ kan wà láàárín ilé wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ìdí igi náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ tó ń so jù na ọrùn sí àgbàlá bàbá. Ìyá ní òun lòun gbin igi. Bàbá ní ohun tó bá já sílé òun, òun ló ni ín. Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé àgọ́ ọlọ́pàá, kò tán. Nígbà tó yá, wọn ò kí ara wọn mọ́. Bí bàbá bá sín, ìyá á ti fèrèsé.

Ikú ò mọ ìjà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ló mú àwọn méjèèjì, wọ́n sì gbé wọn lọ sí mọ́ṣúárì ọsibítù ìlú, níbi tí firíìjì ńlá kan wà tó ní dúrọ́ọ̀ bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá wà ní dúrọ́ọ̀ kẹsàn-án, ìyá wà ní ìkẹrin. Àwọn tí kò lè pín igi, wọ́n wá ń pín òtútù.

Ọ̀gbẹ́ni Bámitálẹ̀ ló ń tọ́jú ibẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń kí òkú kó tó fọwọ́ kàn án. Ọsibítù ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà fún un ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ òkú kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀: ọjọ́ tó dé, ẹni tó gbé e wá, dúrọ́ọ̀ tó wà. Ṣùgbọ́n kí wíwá orúkọ má baà pẹ́, ibì kan tún wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n ń pè ní atọ́ka, tó jẹ́ pé orúkọ àti nọ́ńbà dúrọ́ọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Orin wà nínú, orúkọ orin àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Bí ẹ bá yí nọ́ńbà orin padà nínú, ẹ gbọ́dọ̀ yí tẹ̀yìn náà padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlùfáà á pe orin ìgbéyàwó níbi ìsìnkú.

Ohun tó fa wàhálà ni pé Pa Oyèéyẹmí ga. Dúrọ́ọ̀ kẹsàn-án kò gùn tó o, orúnkún bàbá ká sókè bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ìyá Gbóyèga, tí kò ga ju ọmọ iléèwé lọ, ló wà nínú ìkẹrin tó gùn ju gbogbo wọn lọ. Bámitálẹ̀ ní kò bójú mu. Ó fẹ́ pààrọ̀ wọn. Ó kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pé kí òun ṣe ti ibẹ̀ ná kí òun tó gbé òkú. Ó ti tẹ̀ ẹ́ pé bàbá ti bọ́ sí ìkẹrin, ó fẹ́ máa tẹ ti ìyá, ni ìjì bá dé, wọ́n bá mú iná lọ.

Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà ní iṣẹ́ tó ń ṣe kò parí, nítorí náà òun ti dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, pé iṣẹ́ tí kò bá parí, kó dà bí ẹni pé kò bẹ̀rẹ̀ rí. Bámitálẹ̀ wo ọ̀rọ̀ bàbá, ó rí i pé ìkẹsàn-án ló ṣì wà. Ó ní bóyá Ọlọ́run ò fẹ́ ni.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí fún dúrọ́ọ̀ náà. "Ẹ ṣì máa ká orúnkún yín díẹ̀ sí i."

Ó fi wọ́n síbi tí wọ́n wà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé atọ́ka kò bá wọn padà. Inú ìwé ti padà, ẹ̀yìn ìwé ò padà.

Nígbà tí ọjọ́ ìsìnkú bàbá pé, Mojírọ́lá, ọmọ rẹ̀ àgbà, ti Jọ́ọ̀sì dé. Ọdọọdún ló ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń bọ̀ lọ́dún Kérésì, ọdọọdún ni nǹkan kan ń dá a dúró, títí bàbá fi kú. Àbúrò rẹ̀, Oyèkúnlé, ló mú un lọ sí mọ́ṣúárì pẹ̀lú pósí. Ilé ni wọ́n ti fẹ́ wọṣọ fún bàbá. Bámitálẹ̀ tẹ orúkọ. Atọ́ka dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé dúrọ́ọ̀ kẹrin ni.

Ó fa dúrọ́ọ̀ kẹrin yọ. Òkú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ funfun dì látorí délẹ̀. Bámitálẹ̀ na ọwọ́ síbi ojú láti ṣí i, torí kì í gbé òkú fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé wọ́n rí ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì débẹ̀ tí Mojírọ́lá fi kígbe pé, "Yéè! Bàbá mi o!" tó sì ṣubú lé òkú náà lórí, tó dì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ará, ta ni yóò sọ fún obìnrin tó ń sunkún bàbá rẹ̀ pé kó sún sẹ́yìn díẹ̀ kí òun wò ó bóyá bàbá rẹ̀ ni? Bámitálẹ̀ dúró. Ó húkọ́. Ó tún dúró.

"Ẹ forí jì mí, bàbá," ni Mojírọ́lá ń wí. "Mo ní mò ń bọ̀, mi ò wá." Ó di ẹsẹ̀ òkú mú látorí aṣọ. "Kúnlé, ẹsẹ̀ bàbá ti kéré."

"Ikú ló ń dín ènìyàn kù, ẹ̀gbọ́n mi," ni Oyèkúnlé dáhùn, omi lójú.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú, ó fúyẹ́. Oyèkúnlé ní àìsàn ló gbẹ wọ́n. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí, àyè tó ṣẹ́kù níbi ẹsẹ̀ lè gba àpò gààrí. Mojírọ́lá ní káfíńtà ló lawọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún, kò sí ohun tó máa rí tí kò ní rí àlàyé fún.

Wọ́n gbé e délé. Àgbàlá bàbá ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí, lábẹ́ ẹ̀ka àgbálùmọ̀ yẹn gan-an. Bí wọ́n ṣe ń sọ pósí kalẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn láti wọṣọ fún òkú, Gbóyèga ti ilé kejì jáde. Bíríkìlà ni, ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó dúró sẹ́nu sàréè.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o," ó ní. "Ṣùgbọ́n òkú yìí kò ní sùn lábẹ́ igi ìyá mi."

"Gbóyèga, òkú mà ni," Oyèkúnlé bẹ̀ ẹ́.

"Mo mọ̀ pé òkú ni! Nígbà tó wà láàyè ńkọ́?" Ọ̀fọ̀ ló wà nídìí ìbínú rẹ̀, torí ọ̀la ni wọ́n máa lọ gbé ìyá tirẹ̀ náà wá sin. Ó yíjú sí pósí. "Ìwọ olójúkòkòrò yìí! Ahun! Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ mọ ìjà ládùúgbò yìí. Jókòó sọ́run kí o máa ṣa àgbálùmọ̀ níbẹ̀!"

Èrò ṣe háà. Mojírọ́lá jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Kò bá a jà.

"Gbóyèga, ìwọ náà ń ṣọ̀fọ̀, mo mọ̀," ó ní. "Wá wo ojú bàbá yìí, kí o tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lójú wọn. Bí o bá lè sọ ọ́, a ó wá ibòmíràn sin wọ́n sí."

Gbóyèga ní òun á sọ ọ́. Wọ́n ṣí pósí. Wọ́n tú aṣọ funfun lójú òkú.

Gbóyèga la ẹnu, ó fẹ́ sọ ọ́. Ohùn tó jáde ti di ohùn ọmọdé.

"Màámi," ló wí.

Ìyá Gbóyèga ló sùn sínú pósí bàbá, tó pa ẹnu mọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀ sàréè, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé òun ò mọ̀, pé kì í ṣe ìyá lòun pè ní ahun. Mojírọ́lá ní tirẹ̀ dúró, ó ń ronú ibi tí gbogbo ẹkún tó gbé ti Jọ́ọ̀sì wá lọ.

Gbogbo wọn gbé òkú padà sí ọsibítù. Bámitálẹ̀ rí pósí, ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó bi kọ̀ǹpútà léèrè Pa Oyèéyẹmí, ó ní dúrọ́ọ̀ kẹrin. Ó bi í léèrè Ìyá Gbóyèga, ó ní dúrọ́ọ̀ kẹrin.

"Inú dúrọ́ọ̀ kan náà?" ni Gbóyèga wí, ó ń nu ojú. "Ìyá mi ò lè gbà láéláé."

Bámitálẹ̀ ṣí ọ̀rọ̀ bàbá fúnra rẹ̀, kò gba ti atọ́ka mọ́. Níbẹ̀, ìkẹsàn-án ni. Ó wá rántí ìjì. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, òógùn bò ó. "Ẹ̀rọ ló júwe," ó ní, "ṣùgbọ́n èmi ni mi ò ṣí ojú wò."

"Ẹ fẹ́ ṣí i," ni Mojírọ́lá dáhùn. "Èmi ni mi ò jẹ́ kí ẹ ṣí i."

Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ kẹsàn-án yọ. Òkú gígùn kan wà níbẹ̀ tó ká orúnkún. Oyèkúnlé ti la ẹnu láti ké, Mojírọ́lá fi ọwọ́ bò ó.

"Rárá! Ojú ná."

Wọ́n ṣí i. Pa Oyèéyẹmí ni, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun rẹ̀. Gbogbo èèyàn yíjú sí Mojírọ́lá pé ó tó àkókò kó sunkún. Ó gbìyànjú. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ìkòkò ọjà.

"Ó ti tán," ó ní. "Gbóyèga, ìyá rẹ ni mo sun gbogbo rẹ̀ fún."

Gbóyèga wò ó. Ó wo bàbá. Ó rọra súnmọ́ dúrọ́ọ̀, ó di ẹsẹ̀ gígùn náà mú.

"Ẹ ti bá mi sunkún ìyá mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín sunkún bàbá yín."

Ló bá bú sẹ́kún, páànù òrùlé ń mì. Àwọn nọ́ọ̀sì sáré dé láti wọ́ọ̀dù, wọ́n ń bi í pé kí ni bàbá náà jẹ́ sí i.

"Ọ̀tá wa ni," ló dá wọn lóhùn, ó sì ń sunkún rẹ̀ lọ.

Bàbá sùn lábẹ́ ẹ̀ka, ìyá sùn lẹ́bàá ìdí igi lọ́jọ́ kejì, ìdílé méjèèjì sì jọ sin àwọn méjèèjì. Wọ́n ti tún atọ́ka ṣe. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé mọ́ṣúárì Ìgbórò lónìí, Bámitálẹ̀ á kọ́kọ́ fi ara dènà dúrọ́ọ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹkún yín dání ná." Ẹkún kò sì pọ̀ lójú ẹnikẹ́ni débi tí yóò máa fi ṣe aládùúgbò lálejò. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà tó wà níbi ìsìnkú náà fi mi orí, tí wọ́n wí pé: bí wọ́n bá júwe òkú fún ọ, ṣí i lójú kí o tó bú sẹ́kún.