Àga Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Kíákíá

Kò sí ẹni tó ń rí ọkọ̀ Kíákíá kó tó gbọ́ ọ. Ọkọ̀ kékeré onídìí gígé ni, díísù ló ń mu, ó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u lọ, síbẹ̀ kò sí ọkọ̀ tó lè yà á sílẹ̀ ládùúgbò náà. Bábà ni Kíákíá fúnra rẹ̀. Ó ti máa ń gé irun oníbàárà tán kí onítọ̀hún tó rántí irú gígé tó fẹ́. Ní ọ̀sán yìí, ó já wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ irin kan lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé baba tó ni ṣọ́ọ̀bù lórí. Bàbá Májùúnù ni wọ́n ń pe baba náà, torí pé kì í ju nǹkan kan nù, ìbáà ṣe nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún.

Bàbá wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń mu tíì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Kíákíá, kí la tún ń yọ lónìí?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. A ò yọ nǹkan kan."

"Ilẹ̀kùn ló kù. Mo ti ń rò ó láti àná. Tí a bá yọ ilẹ̀kùn méjèèjì, ọkọ̀ á tún fúyẹ́ sí i, o ò sì ní máa fi àkókò ṣòfò láti ṣí i."

"Bàbá, mo ní a ò yọ nǹkan kan. Ṣe ni mo fẹ́ ká dá a padà."

Bàbá gbé kọ́ọ̀pù sórí tábìlì. "Ta lo fẹ́ dá a padà fún? Ẹni tó tà á fún ọ ti kó kúrò ládùúgbò yìí tipẹ́."

"Kì í ṣe ọkọ̀ ni mo ń wí. Àwọn nǹkan tí a tú lára rẹ̀ ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

Bàbá wò ó bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án lọ́rùn wò bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ó ní kó kọ́kọ́ jókòó ná. Kíákíá jókòó sórí àga gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó mí kanlẹ̀.

"Àga yín yìí mà dára o, Bàbá. Gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó síbí ni ara máa ń tù mí. Ó dà bí ẹni pé ìdí mi ti mọ̀ ọ́n rí."

"Ẹn-ẹn," ni Bàbá wí, ó tún gbé tíì rẹ̀. "Ta ló ń lé ọ?"

"Èèyàn mẹ́ta ni mo fẹ́ lọ gbé ní aago mẹ́rin."

"Nínú ọkọ̀ tó ku àga méjì?"

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

"Àwọn wo ni?"

"Ìyàwó mi. Ìyá ìyàwó mi. Àti ẹnì kan báyìí tí kò tíì jókòó rí látọjọ́ tó ti dáyé."

"Irú iṣẹ́ wo lonítọ̀hún ń ṣe?"

"Bàbá, ọmọ ni. Ìyàwó mi ti bímọ. Obìnrin ni. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá gbé wọn lọ́sibítù."

Bàbá dìde. Ó gbá Kíákíá mọ́ra pẹ̀lú gbogbo epo tó wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ṣe é fún ọmọ, ó ṣe é fún ìyá ọmọ, ó ṣe é fún ẹńjìnnì. Kíákíá ń ṣe àmín, àmín, ojú rẹ̀ wà lára aago ògiri. Ọjọ́ pẹ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń retí ọmọ yìí. Nígbà tí àdúrà kan ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa fowó ara rẹ̀ rà, ó fi àmín ńlá kan gé e.

"Ìyàwó rẹ mọ̀ pé kò sí àga lẹ́yìn ọkọ̀?" ni Bàbá bi í.

"Kò mọ nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti gbé e lọ, wọn ò jẹ́ kó fi bẹ́ẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ ó ń gbọ́ ọ."

"Ó ń gbọ́ kí ni?"

"Ọkọ̀ náà. Ojoojúmọ́ tí mo bá ti wọlé lọ kí i, ẹjọ́ kan náà ló máa ń rò fún mi. Ó ní wèrè kan wà tó máa ń gbé ọkọ̀ aláriwo wá sí ọsibítù, pé gbogbo àwọn aboyún ló ń ta jí."

"Kí lo wá wí?"

"Mo ní wọn ò kọ́ onítọ̀hún lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Bàbá rọra gbé ojú sá fún un kó má baà rẹ́rìn-ín. "Ìyá ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Àwọn ní àwọn ti ń ṣọ́ ọ lójú fèrèsé. Wọ́n ní kí ojú àwọn ṣáà kàn án lẹ́ẹ̀kan péré."

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un?"

"Wọn ò sọ. Wọ́n kàn tú gèlè wọn, wọ́n sì tún un wé, ó wá le dáadáa."

"Níbo lo wá ń gbé ọkọ̀ sí níbẹ̀?"

"Lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń dalẹ̀ sí. Bàbá, aago ń lọ. Àga ẹ̀yìn dà?"

"Ó wà."

"Níbo?"

"O jókòó lé e."

Kíákíá fò dìde bí ẹni tó jókòó lé èèrùn. Ó yíjú wo àga náà. Ó rí àmì pupa tó wà létí rẹ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ da ọ̀dà èékánná sí lọ́jọ́ tí òun tẹ búrẹ́kì lójijì. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tó ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, tó ń fọwọ́ pa á.

"Bàbá, ẹ wá ń fún mi ní àga mi jókòó."

"Ṣé kí o wà lóòró ni?"

"Dígí ọwọ́ òsì ńkọ́?"

Bàbá nawọ́ sí ògiri. Dígí náà wà níbẹ̀, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ọn. Kò sí ọjọ́ tí Kíákíá wá síbí tí kò ní fi tún irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe.

"Mo tilẹ̀ yìn ín fún yín."

"O yìn ín gan-an. O ní kò sí dígí tó mọ ojú ẹ bẹ́ẹ̀."

"Rédíò?"

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. Bàbá nawọ́ sí i, ó pa á.

"Táyà sípíà, àti pákó ìbòrí búùtù?"

Bàbá gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Pákó ni òkè tábìlì náà, táyà ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Kíákíá ò tún béèrè sàlẹ́ńsà tó ń pa ariwo ọkọ̀ mọ́. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó wo irin tó kọ ọ́ lẹ́sẹ̀, irin tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn pa, ó sì gbé e dání bí ẹni gbé èwúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù.

"Ó ku sípíríǹgì," ni ó wí. "Àwọn tó ga, tó rọ̀, tí a yọ kí ọkọ̀ lè wálẹ̀."

Bàbá wúkọ́. Ó jókòó padà sórí àpótí rẹ̀, ó sì fìdí múlẹ̀ dáadáa. "Àwọn yẹn nira díẹ̀."

"Ẹ ti tà wọ́n?"

"Èmi, kí n ta nǹkan?"

"Wọ́n dà, Bàbá?"

Ara Bàbá rọra lọ sókè, ó rọra bọ̀ wálẹ̀. Kíákíá tẹ̀ba wo abẹ́ ìdérí àpótí náà. Sípíríǹgì méjèèjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ń gbé baba náà bí ọmọ jòjòló.

"Gbọ́ mi," ni Bàbá wí. "Máa kó gbogbo ìyókù. Kó àga, kó dígí, kó rédíò tòun ti ìròyìn inú ẹ̀. Àmọ́ ìbàdí mi ò gba jíjókòó lórí pákó lásán mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí, kò sóògùn tí mi ò lò. Sípíríǹgì yìí ló mú un rọjú. Èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ yẹn náà ṣì lè gbé e."

Kíákíá gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Ojú ọgbẹ́ ò tíì jiná. Èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ báyìí le bí òkúta. Gbogbo kòtò tí mo bá kó sí lójú ọ̀nà, ìyàwó mi ló máa kó sí i."

Bàbá wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ń kùn. Bó ṣe dìde ni ìdérí àpótí fò sókè tẹ̀lé e, ó sì gbá a ní ìdí, bí ẹni pé òun náà ń lé e lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀. Bàbá wọ abẹ́ rẹ̀, Kíákíá ń na sípánà sí i, àwọn tó béèrè àti àwọn tí kò béèrè. Sípíríǹgì wọlé, sàlẹ́ńsà wọlé. Nígbà tó kan síkúrù tó ń mú kí tọ́bò fẹ́ atẹ́gùn sẹ́ńjìnnì ju bó ṣe yẹ lọ, kí ọkọ̀ lè sáré, Bàbá ní òun máa dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kíákíá di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ síta mú.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀."

"O ní gbogbo ẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, a dé ìdí òkè tó wà lọ́nà ọsibítù, ọkọ̀ yìí kọ̀, kò gùn ún. Èéfín lásán. Àwọn ọlọ́kadà ń yà wá sílẹ̀. Mo ń tẹ iná, mo ń bẹ ọkọ̀, ìyàwó mi ń sọ fún mi pé kí n má sunkún. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà ní ká ní a tún pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti búra pé ọkọ̀ yìí ò ní wọ́ mọ́. Tí a bá dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀, ṣé kò ní tún wọ́?"

"Kò ní wọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Fílítà díísù ló dí lọ́jọ́ yẹn. Ẹrẹ̀ ló kún inú ẹ̀. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí o gbé e wá, kó o tó dárúkọ àga."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Kíákíá.

"Kí la wá ń tú gbogbo ara ọkọ̀ sí?"

"Ìwọ lo ní kí n tú u."

"Ẹ ò sọ fún mi pé fílítà ni."

"Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, 'Kíákíá, fílítà.' O ti dé títì."

"Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo wá ńkọ́?"

Bàbá tún yí bólìtì kan lábẹ́ ọkọ̀.

"Nígbà tó fi di ẹ̀ẹ̀kejì," ni Bàbá wí, "mo ti jókòó sórí àga náà."

Bàbá dá síkúrù padà, wọ́n fìbínú gbé àga wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń di bólìtì rẹ̀, orí wọn gbára, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fi díísù nu dígí, ó fi aṣọ nù ún, ó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó wá ní kí Kíákíá lọ ṣíná sí i. Kíákíá wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó tún yí i, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kò ṣíná, Bàbá. A ti bà á jẹ́."

"Ó ti ṣíná. Yéé ha á lọ́fun."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bí ọkọ̀ ṣe ń dún nìyẹn."

Kíákíá tẹ́tí. Lóòótọ́, ẹńjìnnì ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń kùn lójú oorun. Ó dé ibi tó fi ń fọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ni. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, eruku pọ̀ níbí.

Aago ti ń sún mọ́. Bàbá wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sí àga, kò sí tábìlì, kò sí rédíò. Ilẹ̀kùn ń gbá ara rẹ̀ pa, ó tún ń ṣí. Kọ́ọ̀pù tíì nìkan ló dúró lórí ilẹ̀.

"Kíákíá, níbo ni kí n wá jókòó sí báyìí?"

Kíákíá ṣí ilẹ̀kùn, ó tẹ àga iwájú síwájú. "Ẹ wọlé. Ẹ bá mi lọ. Tí ìyá ìyàwó mi bá rí àgbàlagbà nínú ọkọ̀, wọn ò ní rò pé ọkọ̀ yìí lè hùwà tí kò dáa rí."

Bàbá gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀, ó wọlé, ó sì jókòó síbi tó máa ń jókòó sí gan-an tí kò bá sí oníbàárà. Ó sún díẹ̀ sọ́tùn-ún, ìbàdí rẹ̀ bá a mu. Ó ní ara tu òun.

Wọ́n dé títì. Kíákíá di sítíárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń yà fún kòtò, ó ń yà fún òjìji kòtò. Ọkùnrin kan tó ń ti bárò yọ̀ǹda fún wọn kí wọ́n kọjá, ó dúró títí, ó wá kọjá lọ fúnra rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn bá wọn dọ́gba. Ó kí Bàbá lójú fèrèsé, àwọn méjèèjì béèrè ilé ara wọn, ìyá náà ní kò burú, ó sì lọ síwájú.

Bàbá na ọrùn síwájú. "Kíákíá, ọmọ ò tíì sí nínú ọkọ̀ o."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo fi ń dánra wò. Ẹ sùn."