Gúrù Adélékè Tí Kò Sí Láyé Mọ́

Adélékè Ògúnjìnmí, Gúrù àdúgbò Barriera di Milano! Aláṣọ-ọsàn-tí-bọ́ọ̀sì-ń-dúró-fún! Onírùngbọ̀n-gbálẹ̀-Torino! Ẹ kí i dáadáa, àmọ́ ẹ má pè é lórúkọ o. Ó ní ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti kú.

"Èmi kò sí mọ́," ló máa ń sọ fún àwọn Òyìnbó tó ń jókòó sórí ẹní ní pálọ̀ rẹ̀ láti kọ́ ọgbọ́n ẹ̀mí. "Kò sí àgbà, kò sí ọmọdé. Kò sí ọkọ, kò sí aya. Ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wa. Àmọ́ láìsí gúrù, ẹ ò lè rí i. Ó yá, ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi."

Olúrónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ìpara pa ẹsẹ̀ náà láràárọ̀ kó lè máa dán.

Obìnrin náà ti fara dà á. Nígbà tí Adélékè fi iṣẹ́ magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, sílẹ̀ ní Settimo, tó ní kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ láyé, iṣẹ́ kàn ń ṣe ara rẹ̀ ni, Olúrónkẹ́ wá àwọn arúgbó mìíràn kún àwọn tó ń gbowó tọ́jú. Abọ́ inú síǹkì ni kò tíì fọ ara rẹ̀ rí.

Ti ìlú Padova ló wá dùn ún wọra. Giulia, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ràn jù, fẹ́ fún gúrù ní ilé tí ìyá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Tó bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ní Sọ́ńdè, gúrù á kó lọ ní Mọ́ńdè. Òun nìkan.

"Èmi àti Victory ọmọ yín ńkọ́, Dádì Victory?"

"Ta ni Victory? Ta ni ìwọ? Àlá ni yín."

Àlá! Olúrónkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ògùn kíkorò.

Ní Sọ́ńdè, èrò kún pálọ̀. Àwọn tó sọ pé ìlà èrò dé ìlú Modena lọ́hùn-ún ò purọ́ púpọ̀. Giulia mú kọ́kọ́rọ́ jáde, gúrù tẹ́ ọwọ́. Ni Olúrónkẹ́ bá yọ láti kíṣìn. Kò kúnlẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan, ó na ọwọ́ òsì sí ọkọ rẹ̀ pé kó bọ òun lọ́wọ́.

"Adélékè, báwo ni?"

"Kí lo pè mí?"

"Lékè. Tètè wá fọ abọ́, ọ̀rẹ́ mi."

Gúrù fò dìde bí ẹni tó jókòó lé iná.

"Èmi? Lékè? Èmi ọkọ rẹ! Èmi àkọ́bí Ògúnjìnmí! Èmi tí mo ti ń lọ sílé ìwé kí wọ́n tó bí ẹ! Ọwọ́ òsì! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Kúnlẹ̀ fún mi níbẹ̀ yẹn!"

Giulia ò gbọ́ Yorùbá. Ó bi Victory léèrè ohun tí Maestro, olùkọ́ òun, ń wí. Ọmọ náà ò gbójú kúrò lórí fóònù.

"Dice che il capo è lui." Ìyẹn ni pé bàbá ní òun ni ọ̀gá. Ó fi kún un pé ó ní kí màmá kúnlẹ̀ fún òun.

Giulia yíjú sí gúrù.

"Maestro, mo rò pé iṣẹ́ gúrù ni kó fi ohun tó wà nínú mi hàn mí, kó sì yẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ dí gbogbo ọ̀nà náà pa."

Ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn. Bàbá kan tiẹ̀ ká ẹní tó mú wá.

Ó ku Adélékè láàárín pálọ̀, aṣọ aláwọ̀ ọsàn ń já bọ́ léjìká rẹ̀. Nígbà náà ni Olúrónkẹ́ tó wá kúnlẹ̀, orókún méjèèjì, ó sì gbé bàtà onírin tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ní Settimo tẹ́lẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Dádì Victory. Ó ti pẹ́ tá a ti ń wá yín."