Orin Tó Dára Ju Fíìmù Lọ

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ilé sinimá ń retí ìpolówó fíìmù Ìyá Sinimá, bẹ́ẹ̀ ìpolówó ọ̀hún ò tíì ní orin nínú. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé bí fíìmù yìí náà bá tún já èèyàn kulẹ̀, àwọn ò ní gba fíìmù rẹ̀ mọ́. Ló bá sá wá sí yàrá Olórin, ẹni tó ń ṣe orin ìpolówó tà.

"Àkọ́kọ́ rèé, mà." Fèrè kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún jẹ́jẹ́.

"Ó dùn o. Ṣé èmi nìkan lo máa fún láṣẹ láti lò ó?"

"Ẹ̀yin àtàwọn kan tó ń ta bẹ́ẹ̀dì."

"Abájọ tí oorun fi ń kùn mí! Gbé e kúrò, jàre. Èyí tẹ́nì kankan ò lò rí ni mo fẹ́."

"Ó wà. Mo ti tò ó mọ́ àwòrán pàápàá. Ẹ di àga mú."

Dùùùm! Fèrèsé mì. Lójú kọ̀ǹpútà, obìnrin kan sáré jáde nílé, ilẹ̀kùn gbá. Dùùùm! Omi lé ròrò sí Ìyá Sinimá lójú.

"Yéè! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló kán."

"Háà! Ta ló ya fíìmù yìí? Ẹni yẹn mọṣẹ́! Èmi náà ya ti aránṣọ, àmọ́ kí ni tèmi jámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eléyìí?"

Olórin nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Mà, tiyín ni, èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

"Tèmi kẹ̀?" Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Áà, àbúrò mi mà rèé! Ṣebí òun ni mo ní kó sáré lọ ra abẹ́rẹ́ míì?"

"Òun ni."

Inú rẹ̀ dùn, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe tún fà ro. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

"Mi ò lè gbà á. Ó dára jù."

"Ó dára jù kẹ̀?"

"Bí orin ìpolówó ti èṣí ṣe dùn nìyí. Àwọn èèyàn rọ́ wá, wọ́n ń retí ìjà títí wọ́n fi tanná. Ìjà kan ṣoṣo tí wọ́n rí ni èyí tí wọ́n bá mi jà lẹ́nu ọ̀nà! Ọmọ mi, bá mi wá èyí tí ò fi bẹ́ẹ̀ dára."

"Mi ò ní irú ẹ̀, mà. Gbogbo tèmi ló dáa."

Ìyá Sinimá mí kanlẹ̀. "Ó dáa, gbé ìwé àṣẹ wá kí n fọwọ́ sí i. Àmọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́jọ́ tí fíìmù bá jáde, ìwọ lo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà."