Òbúkọ Òkè Òkun Kì Í Ṣe Àlejò Yín

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Agbọ́ndẹ, ẹ gbé igbá sílẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn Baálẹ̀!

Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n ti tún ilé àyẹ̀wò ẹran ṣe ní pápákọ̀ òfurufú wa. Ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí à ń sá láfún síwájú rẹ̀, ó ti di ìran àpéwò. Wọ́n tẹ́ táìsì. Fáànù ń fẹ́. Omi ẹ̀rọ ń yọ lára ògiri! Ẹran tó bá wọ bàálù dé, ibẹ̀ ni wọn yóò sé e mọ́ fọ́sẹ̀ mẹ́ta, kí dókítà ẹran lè mọ̀ bóyá ó gbé àrùn dání.

Òbúkọ kan ló kọ́kọ́ dé. Ìyá Àwẹ̀ró, tí ilé rẹ̀ kan ọgbà náà, yọjú, ó rí irùngbọ̀n, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ta ló ti àgbàlagbà mọ́lé? Ṣé bí a ṣe ń gbàlejò nílùú wa nìyí?" Ló bá ṣílẹ̀kùn. Ó mú un lọ sílé, ó fún un lómi, ó mú un kí gbogbo àdúgbò. Àwọn ewúrẹ́ wa gan-an jáde wá kí i.

Dókítà gbọ́. Ó ní bí òbúkọ kò bá padà kóòrùn tó wọ̀, gbogbo ewúrẹ́ Agbọ́ndẹ ni òun yóò kó. Bẹ́ẹ̀ ọdún ìlú ti dé tán!

Baálẹ̀ wá pàṣẹ.

Èkíní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ẹran òkè òkun káàbọ̀. Kò gbọdọ̀! Ẹni tó bá kí i yóò máa dọ̀bálẹ̀ kí òbúkọ ilé rẹ̀ láràárọ̀.

Èkejì: ènìyàn kò gbọdọ̀ sùn sábẹ́ fáànù ẹran. Baba Ládépò, a rí yín. Ẹ ti ké bí àgùntàn, ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà sì ṣílẹ̀kùn fún yín. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ẹni tó bá fọwọ́ kan òbúkọ yìí yóò bá a wọ ìsémọ́.

Ẹ fọkàn balẹ̀, òbúkọ ti padà. Ewúrẹ́ yín bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Ìyá Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló fà á wá, ó sì bá a wọlé. Ó ní a kì í fi àlejò sílẹ̀ kó dá jẹun.

Ta ló wá bá a di ìwo òbúkọ mú? Ẹ má wá mi délé. Ojú fèrèsé ilé àyẹ̀wò náà ni mo ti ń ké.

Èmi Ògúndùn ni mo ké, Baálẹ̀ ló rán mi. Ẹni tó gbọ́ kó wí fún adití. Kí ẹ sì sọ fún ìyàwó mi kó má dààmú: omi ń yọ, fáànù ń fẹ́. Òórùn òbúkọ nìkan ni wọn kò tún ṣe.