Àbẹ́là Ìtálì ní Bàrúwà

Ní ọdún 1992, bí ẹ bá dé Bàrúwà tí ẹ sì béèrè ilé Alàgbà Zacchaeus Adéríbigbé, wọn ò ní júwe igi tàbí ilé kankan fún yín. Wọn á ní kí ẹ máa lọ tààrà títí ẹ ó fi gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń yin ara rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ayálégbé rẹ̀ ni mí, yàrá mi fara ti pálọ̀ rẹ̀, ògiri tó wà láàárín wa kò sì nípọn rárá.

Kókó kan wà nípa Alàgbà: ìkíni lásán kì í tó o. Ó fi ágádágodo ti kànga ilé, ọrùn ara rẹ̀ ni ó ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́, tí a bá sì fẹ́ pọn omi, àfi ká kì í. "Zacchaeus, ọ̀tá òkùnkùn. Ọkọ Cecilia. Ẹni tí NEPA mú iná ilé rẹ̀ lọ tí ilé rẹ̀ ò ṣú." Á máa mi orí díẹ̀díẹ̀, á ní ká má yin òun mọ́, á sì dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ títí a ó fi tún un kì lẹ́ẹ̀kejì.

Ìjọ Àkàsọ̀ Ìmọ́lẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, àwọn aláṣọ funfun tó wà ní òdìkejì títì wa. Ipò rẹ̀ níbẹ̀ ni Olùtọ́jú Àbẹ́là. Iṣẹ́ tí kò le ni, ẹnu Alàgbà nìkan ló sọ ọ́ di ńlá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á ra àbẹ́là, á fi abẹ́rẹ́ ha orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń fẹ́ sí i lára, á gbé e síwájú pẹpẹ, á tàn án. Wòlíì Akínbọ́lá á gbàdúrà sí i, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹ́ iná náà pa. Ó gbọ́dọ̀ jó tán fúnra rẹ̀, torí Wòlíì sọ pé ẹ̀bẹ̀ tí a bá pa iná rẹ̀ ti dúró sójú ọ̀nà nìyẹn. Alàgbà ló máa ń jókòó tì wọ́n títí wọn ó fi jó tán.

Abigail, tí a ń pè ní Ìyá Jọkẹ́, ayálégbé bíi tèmi, kì í pa ọjọ́ Ẹtì kan jẹ. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ibùdókọ̀ Pleasure. Ọkọ rẹ̀, Olúgbénga, ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ̀n láti lọ wá iṣẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ nígbà tó débẹ̀, kò sì kọ òmíràn mọ́ láti ọdún kan. Ohun tí Abigail ń ha sí ara àbẹ́là tirẹ̀ kò gùn: ABIGAIL. LETA.

"Àwọn àlejò nìkan ló ṣì ń bi mí pé Olúgbénga dà," ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Àwọn tó mọ̀ mí ti dákẹ́, Tíṣà. Ìdákẹ́ yẹn ló ń pa mí."

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni àbẹ́là bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní pálọ̀ Alàgbà. Ọ̀kan kọ́kọ́ jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, méjì ti wà lórí rédíò, mẹ́ta lórí fìríìjì tí kò ṣiṣẹ́. Wọ́n tóbi bí iṣu, wọ́n pọ́n, wọ́n ń dán, kò sì sí irú wọn lọ́jà Ìyànà Ìpájà.

Alàgbà pè mí wọlé kí n wá wò wọ́n.

"Tíṣà, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní handmade? Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀."

"Ọwọ́ ta ni, sà?"

"Ọwọ́ àwọn òyìnbó Ìtálì ni jàre. Àbúrò mi tó wà lọ́hùn-ún ló fi ránṣẹ́."

Mo mọ gbogbo àbúrò Alàgbà. Èyí tó jìnnà jù nínú wọn ń ṣe káfíńtà ní Dópẹ̀mú.

Mo sì tún mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí Alàgbà bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, á wọ ilé ìdáná ẹ̀yìn, á ti ilẹ̀kùn. Òórùn epo pupa gbígbóná á gba gbogbo agbo ilé. Níbẹ̀rẹ̀, a rò pé ọbẹ̀ ló ń sè, a sì ń retí kó bu díẹ̀ fún wa. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Cecilia, ló là mí lójú.

"Ọbẹ̀ kẹ̀? Àbẹ́là ló ń dà, agolo mílíìkì ló fi ń dà á. Epo pupa ló ń bù sí i kó lè pọ́n. Ìkòkò mi ló sì ń lò. Tí mo bá se ilá báyìí, tó bá tutù, ńṣe ló ń dì gbagidi."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Mo ní ẹni tó bá wù láti da àbẹ́là nílé rẹ̀, kó máa dà á. N kò bi ara mi léèrè ibi tí ó ti ń rí àbẹ́là tí ó ń yọ́, ìyẹn sì ń dùn mí di òní.

Kí ló dé tí ó ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ipò Baba Ìjọ ló ṣófo. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti kó lọ sí Abẹ́òkúta, Alàgbà Zacchaeus sì fẹ́ ipò náà débi pé kì í lè jẹun mọ́. Wòlíì ti sọ pé òun àti àwọn àgbà ìjọ yóò wá kí i nílé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kejì oṣù náà. Tí ohun gbogbo bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á kéde rẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, àga onítìmùtìmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ di tirẹ̀, gbogbo ìjọ á sì máa kúnlẹ̀ kí i.

Alàgbà ní kí Abigail rán kọ́tìnì tuntun, aṣọ tó nípọn tí oòrùn ò lè là kọjá. Nígbà tó rán an tán, ó ní kó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ọrẹ fún Ọlọ́run. Ó ní kó wá máa gbé ohun mímu fún àwọn àlejò pẹ̀lú. Ó pe Alhaji Sàkàrìyáù tó wà nílé kejì, ọmọ onílẹ̀ tí ìdílé wọn ta ilẹ̀ fún gbogbo wa, kí onílẹ̀ lè jẹ́rìí sí ọjọ́ ńlá náà. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ó fi korobá ọ̀dà da èyí tó tóbi jù, ó gbé e ka àárín tábìlì, ó sì pè é ní Ọba Wọn.

Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n dé. Wòlíì ló ṣáájú, àwọn àgbà márùn-ún tẹ̀ lé e, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Alhaji ti jókòó ṣáájú wọn. Alàgbà ti fèrèsé pa nítorí atẹ́gùn, ó fa kọ́tìnì nítorí oòrùn, ó sì ní kí àwa ayálégbé dúró lẹ́nu ọ̀nà ká lè rí i dáadáa. Kò tíì gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán tí NEPA mú iná lọ. Fáànù yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró.

Inú Alàgbà dùn gidi. Ó ṣáná, ó ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, títí gbogbo àbẹ́là mọ́kànlélọ́gbọ̀n fi ń jó. Ó rẹwà lójú, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Pálọ̀ náà pọ́n rúsúrúsú, fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ọkùnrin náà jọ ohun tó ń pe ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ooru dé. Páànù òrùlé ń gbóná lókè, iná mọ́kànlélọ́gbọ̀n ń jó nísàlẹ̀.

"Alàgbà, ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé díẹ̀," Wòlíì wí.

"Háà, Baba, atẹ́gùn ò bá àbẹ́là Ìtálì lára mu o."

Bàbá Hẹsẹkáyà, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, ń fa imú. "Kí ni mò ń gbóòórùn yìí?"

"Òórùn Ìtálì nìyẹn, sà."

"Ṣé wọ́n ń din àkàrà ní Ìtálì ni?"

Alàgbà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dìde, ó na sùtánà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti ń kọ́ mọ́rí láti oṣù kan. "Ẹ̀yin baba mi, ilé ẹni tó máa jẹ́ Baba Ìjọ gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ wo ilé mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tọ́jú àbẹ́là Ọlọ́run. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Mi ò fi ẹyọ kan ṣòfò rí."

Ibẹ̀ ni ohun kan ti kán sí sùtánà Wòlíì, tó! Ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Wòlíì fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú. Epo pupa ni. Omíràn ti ń ṣàn látorí rédíò sí èjìká Bàbá Hẹsẹkáyà, àbẹ́là orí tẹlifíṣọ̀n sì ti ń fi orí balẹ̀ fún àwọn àlejò. Epo tí Alàgbà bù sí wọn ti pọ̀ jù, ooru kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró.

Lójú gbogbo wa, awọ Ọba Wọn bọ́ sílẹ̀ lódindi bí ìró tó tú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti Ìtálì. Àbẹ́là wẹ́wẹ́ ni, funfun àti búlúù, irú èyí tí a ń rà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Alàgbà dì wọ́n pọ̀ pẹ̀lú òwú kí ó má baà ná epo àti àbẹ́là yíyọ́ jù. Epo sì ti wọ gbogbo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ha. Ọ̀rọ̀ tó ṣòro rí tẹ́lẹ̀ ti pọ́n ketekete lára wọn.

Abigail ló gbé tíréè ohun mímu wọlé lákòókò náà. Ó dúró. Ó rọra gbé tíréè sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó fa ọ̀kan yọ nínú ìdì náà, ó pa iná orí rẹ̀.

"Abigail. Lẹ́tà," ó kà á sókè. "Tèmi nìyí." Ó fa òmíràn. "Èyí náà, tèmi ni." Méje ló rí nínú ìdì kan ṣoṣo náà. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, kò sí èyí tó jó ju ìka méjì lọ nínú wọn. "Alàgbà, nígbà tí ẹ ń fẹ́ ẹ pa, ṣé mo tiẹ̀ ti dé géètì?"

Láti ọjọ́ tí ó ti ń gbé ilé náà, "ìwọ" ni Alàgbà ń pè é. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀yin. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Jọkẹ́. Kí a tó ṣáná sí i ni Ọlọ́run ti gbọ́. Èyí tó kù, àjẹkù lásán ni."

Àwọn àgbà ti dìde. Kálukú ń tú àbẹ́là wò. Bàbá Hẹsẹkáyà rí tirẹ̀ nínú èyí tó wà lórí fìríìjì. "Ẹsẹ̀ mi tí mo bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ̀yin náà ẹ wò mí bí mo ṣe ń tiro kiri." Ẹlòmíràn gbé ọ̀kan sún mọ́ ojú, ó kà á láìronú: "Sakariyau. Ilẹ Igando."

Gbogbo ojú yí sí Alhaji. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Sàkàrìyáù pọ̀ nílùú yìí."

"Ilẹ̀ Ìgàndò ńkọ́, Alhaji?"

"Ilẹ̀ náà pọ̀ níbẹ̀." Ṣùgbọ́n kò lè mú un mọ́ra, ó nàka sí Alàgbà. "Abájọ tí ẹjọ́ ilẹ̀ mi ò fi lójútùú. Ọdún mẹ́ta, Zacchaeus."

A ṣí fèrèsé wàyí, ìdajì Bàrúwà sì ti wà níbẹ̀. Wòlíì kò pariwo. Ó ń fi áńkáṣífù nu epo ara rẹ̀, epo náà sì ń tàn kálẹ̀ sí i.

"Alàgbà," ó wí, "ẹ dì wọ́n, kí ẹ kó wọn padà síbi tí ẹ ti kó wọn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ rù wọ́n. Ẹ ó tan ìkọ̀ọ̀kan níbi tí ẹ ti pa á. Ẹ ó kúnlẹ̀ tì í. Ẹ ó máa ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè, kí olúwa rẹ̀ lè gbọ́, títí yóò fi jó tán."

Báyìí ni Alàgbà Zacchaeus Adéríbigbé ṣe gba àárín títì kọjá lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú báàfù àbẹ́là lórí, tí epo pupa ń ṣàn gba ẹ̀yìn etí rẹ̀ wọ inú sùtánà. Kò sẹ́ni tó kì í. Màmá Cecilia ló fa ilẹ̀kùn pálọ̀ dé, ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ lọ síta láti lọ fi iyanrìn fọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Abigail kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àpótí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sí ẹ̀yìn Alàgbà gan-an, èmi náà sì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwọn tó wá wòran. Alàgbà ti wà lórí eékún. Ó ṣáná sí àbẹ́là àkọ́kọ́ nínú méje náà, ó ń kùn nínú ọ̀fun.

"Mi ò gbọ́, sà," Abigail wí.

"Olúwa, Abigail ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́tà."

"Orúkọ ọkọ mi ni Olúgbénga. Gàbọ̀n ló wà."

"Olúwa, Abigail ń bẹ̀bẹ̀ kí Olúgbénga tó wà ní Gàbọ̀n kọ lẹ́tà sí i." Ó fẹ́ dìde, ó di ẹsẹ̀ pẹpẹ mú.

Abigail kò kúrò lórí àpótí rẹ̀. Ojú iná náà ló ń wò.

"Ẹ tún un sọ, sà. Kò tíì jó tán."