Ọjọ́ Tí Mo Lọ Gbẹnu Sọ fún Àìsàn Ọpọlọ

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Bí èmi bá tiẹ̀ fẹ́ gbàgbé ẹ̀, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ní Ìwó ò ní jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Rísìkátù, tíṣà bíi tèmi ni. Lọ́dún yẹn, ìbànújẹ́ kan ṣàdédé dè wọ́n mọ́lẹ̀: wọn ò rí oorun sùn, oúnjẹ ò wọ̀ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè dìde lọ síbi iṣẹ́. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni, ó sì ń gbọ́ oògùn. Àmọ́ àwọn adójútòfò ìlera tí wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù wa ní ibà àti egungun tó bá ṣẹ́ làwọn ń sanwó fún, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ò kan àwọn. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wọn fẹ́ wá bá àwa tíṣà ṣèpàdé, ẹgbẹ́ ní kí n gbẹnu sọ, torí èmi ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Mo wọ ṣòkòtò funfun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọlọ́kadà tó gbé mi ń yẹra fún ewúrẹ́, ló bá dà mí sínú ẹrẹ̀. Orúnkún mi bó, fìlà mi bá gọ́tà lọ, ṣòkòtò sì ya lẹ́yìn dé ibi tí mi ò lè dárúkọ. Mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Bí mo ṣe ń lọ, mò ń fi ọ̀rọ̀ mi dánra wò, mò ń na ìka sókè: “Ọpọlọ náà ń ṣàìsàn, ṣé ẹ ò rí i ni?” Àwọn tí mo ń pàdé ń yà fún mi lọ́nà. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Lẹ́nu géètì gbọ̀ngàn ìpàdé, bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rọra di ọwọ́ mi mú.

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àwọn ará ilé rẹ dà?”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ nípa ọpọlọ ni.”

“Mo mọ̀. Jókòó ná.”

“Tíṣà ni mí, sà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá tíṣà pàápàá ni ẹ́. Jókòó.”

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ohùn Bàbá ń rọ̀ sí i. Wọ́n fún mi ní omi inú ọ̀rá. Mo feyín ya á, gbogbo ẹ̀ tú sí mi láyà, Bàbá sì mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti yé.

Nọ́ọ̀sì kan tó bá àwọn adójútòfò wá ló jáde síta. Ó wo orúnkún mi, ó kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó sì fi báńdéèjì wé orúnkún náà títí tó fi tóbi bí elégédé. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, ètò àwọn gbà á.

Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà. Tó bá wá jẹ́ pé orí mi ló dà rú, bí Bàbá ṣe rò ńkọ́?”

“Ìyẹn ò sí nínú ètò wa.”

Ó ní kí Bàbá jẹ́ kí n kọjá. Mo tiro wọlé, mo sì ròyìn ẹ̀ fún gbogbo wọn bó ṣe rí. Mo ní ara kan náà ni, ẹ wé orúnkún, ẹ wá fi orí sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Àwọn ọ̀gá ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ọ̀gá, mo gbàgbé ṣòkòtò. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé dé látọ̀dọ̀ àwọn adójútòfò: wọ́n á máa sanwó dókítà ọpọlọ, àmọ́ wọn ò tíì gbà láti san owó oògùn. A ṣì ń bá wọn fà á.

Nígbà tí mo ròyìn ọjọ́ ìpàdé náà fún Àǹtí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n wá ní, “O ti mọ bó ṣe ń rí báyìí. Èèyàn á máa sọ̀rọ̀, kò ní sẹ́ni tó ń gbọ́.”

Ìdajì wákàtí péré ni mo lò lọ́wọ́ Bàbá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní nǹkan ń ṣe òun, mo máa ń panu mọ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán. Fún aláròyé bíi tèmi, ìyà ńlá ni. Mò ń rẹ́rìn-ín ara mi, mo sì ń jẹ ìyà náà.