Ogún Tú-báì-tú fún Bàbá Tẹjúmádé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọláwándé fún yín. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, kò sì tíì lo oṣù mẹ́rin ní Jos tí gbogbo àwa tá a jọ ń tajà ní ọjà Terminus fi mọ̀ pé kò sí ohun tí kò mọ̀. Fóònù ló ń tún ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Tí o bá gbé fóònù fún un, yóò kọ́kọ́ kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó wo ohun tó ń ṣe fóònù.

"Tú tí gbogbo yín ń pè yẹn," á ní, "mẹ́ta ni! Tú kan jẹ́ eéjì. Tú kan ń lọ síbì kan. Tú kẹta ti pọ̀ jù. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, kó má la ẹnu!"

A ó sì pa ẹnu dé.

Ọláwándé wá rí Tẹjúmádé, ọmọ àdúgbò Dilimi, ó ní ẹni tí òun ó fẹ́ nìyẹn. Ọmọbìnrin náà gbà. Ó ku bàbá rẹ̀, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọláwándé bi í léèrè títí pé ìgbà wo ni kí òun kó àwọn èèyàn òun wá. Bàbá ní kó ní sùúrù. Àfi ní Ọjọ́bọ̀ kan tí àtẹ̀jíṣẹ́ Bàbá wọlé gìrì:

"Ogún 2 by 2 ni kí o kó wá sílé mi láàárọ̀ Sátidé, aago mẹ́jọ. Kí wọ́n tọ́, kí wọ́n gbẹ dáadáa. N kò fẹ́ èyí tí kòkòrò ti jẹ."

Ọláwándé fò sókè. "Bàbá ti gbà! Ogún èèyàn, kí wọ́n tò ní méjì-méjì! Gẹ̀ẹ́sì gidi nìyẹn!"

"Gbígbẹ wá ńkọ́?" ni mo bi í.

"Bàbá kò fẹ́ oníkùn ńlá. Ó ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀."

"Kòkòrò ńkọ́?"

"Eyín ni! Ta ló fẹ́ fi ọmọ fún ìdílé tí eyín wọn ti jẹrà?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèyàn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó gbà á sílé láti ọjọ́ tó ti dé, ló kọ́kọ́ já sílẹ̀, torí pé ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀. "Èmi?" ni bàbá náà ń pariwo. "Èmi ni kò tọ́?" Ní tèmi, mo gbẹ bí ẹja pańlá, wéré ni mo wọlé. Ó tan iná fóònù sí wa lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Kòkòrò ti jẹ eyín kan lẹ́nu Warith, ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń tajà, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ṣì kù kí a tó pé ogún, ló bá ní kí Warith má rẹ́rìn-ín títí a ó fi padà.

Nígbà tó di Sátidé, ogún ọkùnrin gbígbẹ tò ní méjì-méjì láti Terminus dé Dilimi. Ọláwándé ń lọ níwájú nínú kóòtù. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè. Àwọn Hausa ń bi wá: "Lafiya?" Ṣé àlàáfíà ni?

Nígbà tí a débẹ̀, atẹ́gùn ti ṣí òrùlé ilé Bàbá, òjò sì ti ṣú. Philip káfíńtà jókòó sórí ògiri pẹ̀lú hámà. Bàbá wo iwájú wa, ó wo ẹ̀yìn wa.

"Ọláwándé, igi mi dà?"

"Igi kẹ̀, sà?"

"Igi òrùlé! Tú-báì-tú tí mo ní kí o kó wá láti ọjà igi ní Katako!"

Tú kẹrin tí Ọláwándé kò kọ́ wa rí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: àṣírí tú.

"Sà," ó ń kólòlò, "àwọn... àwọn wọ̀nyí náà gbẹ, sà."

Warith bú sẹ́rìn-ín.

"Warith, pa ẹnu dé! Kòkòrò!"

"Kòkòrò wo?" ni Bàbá bèèrè. Ó di dandan kí Ọláwándé ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Tẹjúmádé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Philip fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí ògiri.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí ojú ọ̀run. A sì gbéra, ó di Katako. Níbẹ̀, Ọláwándé rọra bi Malam tó ń ta igi léèrè ohun tó ń jẹ́ tú-báì-tú.

"Igi tó fẹ̀ ní ìǹṣì méjì, tó nípọn ní ìǹṣì méjì," ni Malam wí.

"Ilé ìwé wo lẹ ti kọ́ ọ?"

"Makaranta? Èmi ò lọ ilé ìwé rí!"

Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà pẹ̀lú igi léjìká. Kóòtù Ọláwándé ń ro tótó. Nígbà tí òjò fi máa dá, igi ti dé, Philip sì ti ń kàn án. Ọláwándé dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan.

"Dìde," ni Bàbá wí. "Ẹni tó lè kó ogún ọkùnrin jọ láàárín ọjọ́ méjì, tí wọ́n sì bá mi ru igi nínú òjò, ẹni náà ní èèyàn. Ẹ lè fẹ́ra yín."

A hó yèè! Àyà Ọláwándé tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bàbá wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n láti òní lọ, Tẹjúmádé, bí mo bá fẹ́ rán ọkọ rẹ níṣẹ́, èdè Hausa ni n ó fi kọ ọ́. Kò gbọ́ ìyẹn rárá, ó dájú pé á bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀."